Loveday, orúkọ ọjọ́ ìlàjà tó lọ fara pamọ́ sí Cornwall

Ẹni tó bá ti gbé Port Harcourt rí, tàbí tó ṣe agùnbánirọ̀ ní Rivers, á ti pàdé Loveday kan ó kéré tán. Ọkùnrin ni. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ lọ́yà, ó lè jẹ́ pásítọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ń bi í pé kí ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí torí gbogbo wa la ti rò pé a mọ̀ ọ́n: love ni ìfẹ́, day ni ọjọ́, ó tán. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ Sunday àti Friday náà ni. Èmi fúnra mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibo gan-an ni Loveday bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀, ṣé ẹ̀yìn Thursday ni àbí wọ́n á fi kún un lóṣù February. Àfìgbà tí mò ń ka ìtàn àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ (ẹ má bi mí ohun tó gbé mi débẹ̀, dátà tí mo rà ló pọ̀) ni mo kan opó kan tó ń jẹ́ Loveday Hambly, òyìnbó pọ́ńbélé, ará Cornwall níhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1682. Mo ní há. 1682 kẹ̀? Obìnrin kẹ̀?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọpinpin orúkọ yìí nìyẹn, ohun tí mo sì rí ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Loveday ti jẹ́ nǹkan mìíràn kó tó di orúkọ èèyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí 1200 títí wọ 1500 ó lé díẹ̀, bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀, tàbí sí gbèsè, tàbí sí màlúù tó wọ oko olóko tó jẹ ọkà rẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà fún wọn. Kí wọ́n gba kóòtù lọ, níbi tí ẹjọ́ á ti máa fàlẹ̀ lọ́dọọdún tí owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń jà lọ, tàbí kí wọ́n dá ọjọ́ kan, kí tọ̀tún tòsì yan àwọn àgbà tí wọ́n fọkàn tán, kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n sì yanjú ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ń jẹ́ loveday. Àwọn akọ̀wé tó ń fi Látìn kọ ìwé kóòtù a máa pè é ní dies amoris, ọjọ́ ìfẹ́ náà ni. Ìfẹ́ tí wọ́n sì ń wí níbẹ̀ kì í ṣe ti Valentine o, kò kan òdòdó àti ṣokoléètì rárá, kí inú mọ́ síra wọn ni, kí ẹnì kan lè kí ẹnì kejì lọ́nà odò.

Ṣé èyí ṣàjèjì sí Yorùbá ni? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin kan tí wọ́n kọ láyé Ọba Henry Kìíní, ní nǹkan bí 1115, sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, pé àdéhùn a máa borí òfin, ìfẹ́ a sì máa borí ìdájọ́. Nígbà tí mo kà á, ṣe ló dà bíi pé baálé kan ní Ìbàdàn ló ń sọ̀rọ̀.

Kóòtù pàápàá ò lòdì sí i, ó kàn fẹ́ gba tiẹ̀ ni. Ní kóòtù àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ abúlé, bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀ tí ẹ wá fẹ́ lọ parí ẹ̀ láàárín ara yín, ẹ máa tọrọ àṣẹ, ẹ ó sì sanwó àṣẹ náà, torí onílẹ̀ ò ní jẹ́ kí owó ìtanràn tó yẹ kó wọlé bọ́ lọ lásán. Ìlàjà fúnra ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ó sì lè bọ́ sí ọjọ́ ọdún. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n á tiẹ̀ lè fẹnu ko ara wọn lẹ́nu bí àṣà wọn ṣe rí nígbà náà, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Àmọ́ nǹkan tó dáa kì í ṣàìní oníjìbìtì. Àwọn ọmọlẹ́yìn John Wyclif (àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wí, ó kú ní 1384) máa ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn lóókọ-lóókọ tó ń kó ọmọ ogun wá síbi loveday, tí wọ́n á jókòó bí ẹni fẹ́ làjà, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n wá fagbára ti ẹni tó jẹ̀bi lẹ́yìn. Tálákà tó bá rí ogójì ọkùnrin pẹ̀lú idà lẹ́nu ọ̀nà, kí ló tún fẹ́ sọ? Ó ti gbà nìyẹn.

Ó dáa, wàyí o, obìnrin kan rọbí lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé ń parí ìjà. Kí ni kí wọ́n sọ ọmọ? Ohun tí àwọn tó ń kọ́ nípa orúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ nìyí, pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ loveday ni wọ́n ń sọ ní Loveday, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ. Orísun kejì tún wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí: kí àwọn Norman tó ti Faransé wá gba ilẹ̀ náà ní 1066, orúkọ ọkùnrin kan ti wà tẹ́lẹ̀, Leofdæg, àpapọ̀ leof tó jẹ́ àyànfẹ́ àti dæg tó jẹ́ ọjọ́. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ti da pọ̀ mọ́ra wọn, torí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ bàbá àgbà ẹ̀ bí Leofdæg, tó sì tún ń rí loveday ní ṣọ́ọ̀ṣì, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀?

Orúkọ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n bí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà náà ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tiffany tí ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ọmọbìnrin tí wọ́n bí nígbà ọdún Ìfihàn, 6 January, ló ń jẹ́ ẹ láyé àtijọ́. Noel ni ti Kérésìmesì, Pascoe ni ti Ọjọ́ Àjíǹde, Pentecost sì wà tó jẹ́ orúkọ èèyàn gidi, pàápàá ní Cornwall. Ohun tí àwa ń ṣe pẹ̀lú Abíọ́dún, Abọ́sẹ̀dé, Abíọ́nà àti Béjìdé náà nìyẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà wo ilé wò, wọ́n wo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ohun kan tó mú mi ronú ni pé àwa ní Abógundé, ọmọ tó dé pẹ̀lú ogun, àmọ́ ẹ bá mi wá orúkọ Yorùbá tó jẹ́ ti ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ gan-an tí ìjà parí. Mo ti rò ó títí, n ò tíì rí i. Bóyá àwọn ará Èkìtì ní in.

Loveday tó lókìkí jù nínú ìtàn kì í ṣe ènìyàn, ọjọ́ kan ni, 25 March 1458, mo sì máa dúró lé e lórí díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ní 22 May 1455, Duke ti York àti àwọn ará ẹ̀ kọlu àwọn èèyàn Ọba Henry Kẹfà láàárín ìgboro St Albans. Ìjà òpópónà ni, kò pẹ́ tó fi parí, ṣùgbọ́n Duke ti Somerset, Earl ti Northumberland àti Lord Clifford kú síbẹ̀, ọfà sì ba ọba fúnra ẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa bàbá wọn dàgbà pẹ̀lú ìbínú yẹn. Ọba Henry, tí gbogbo ayé mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí àìsàn ọpọlọ ti gbé ṣánlẹ̀ rí, wá sọ pé òun fẹ́ làjà. Ó pe gbogbo wọn sí Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1458. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n sì kó ọmọ ogun wá. Earl ti Warwick, tó wà lẹ́yìn York, nìkan kó nǹkan bí 600 ọkùnrin wá, aṣọ pupa ni gbogbo wọn wọ̀ bí ẹgbẹ́ tó dá aṣọ ẹbí. Wọ́n fi àwọn èèyàn York sínú ìlú, wọ́n fi àwọn ọmọ àwọn tó kú sẹ́yìn odi, kí wọ́n má baà pàdé ní kọ̀rọ̀. Olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn, Geoffrey Boleyn (bàbá bàbá bàbá Anne Boleyn tí Ọba Henry Kẹjọ padà bẹ́ lórí), sì ń kó àwọn ará ìlú tó dìhámọ́ra kiri ìgboro tọ̀sán-tòru, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ fa idà yọ.

Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́, wọ́n parí ẹ̀. Adéhùn náà rèé: York á san 5,000 mark fún opó Somerset àtàwọn ọmọ ẹ̀, Warwick á san 1,000 mark fún ìdílé Clifford (mark kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ún), Earl ti Salisbury, bàbá Warwick, á fa ọwọ́ kúrò nínú owó ìtanràn tí àwọn Percy (ìdílé Earl ti Northumberland) jẹ ẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa fún ilé ìjọsìn St Albans ní £45 lọ́dọọdún kí wọ́n máa gbàdúrà fún ọkàn àwọn tó kú. Ẹ wò ó dáadáa, owó ẹ̀jẹ̀ ni, gbà-máà-bínú ni, ètùtù náà ò sì gbẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rìn lọ sí St Paul's, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Ìkéde fún Màríà ni, ọjọ́ tí ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Somerset ọ̀dọ́ di Salisbury lọ́wọ́ mú, Duke ti Exeter, ẹni tó wà lẹ́yìn ọba, di Warwick mú, ọba ń dá rìn tòun ti adé lórí, lẹ́yìn ẹ̀ ni Duke ti York àti Olorì Margaret, tí wọ́n kórìíra ara wọn bí ológbò àti eku, ń bọ̀ lọ́wọ́ nínú ọwọ́ bíi tọkọtaya lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn èèyàn ń yọ̀, wọ́n ń kọrin. Kò tó oṣù mẹ́jọ tí àwọn kan fi gbìyànjú láti pa Warwick ní Westminster. Ní 23 September 1459 ogun tún bẹ́ ní Blore Heath, nígbà tó sì fi máa di 30 December 1460 wọ́n ti pa Duke ti York ní Wakefield. Títí dòní, bí òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì bá dárúkọ “Loveday”, ìlàjà tí kò dúró yẹn ló sábà ń ní lọ́kàn. Orúkọ rere, ìgbẹ̀yìn burúkú.

Láti ibẹ̀ lọ, kóòtù ọba ń lágbára sí i, àṣà loveday rọra ń kú lọ, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Orúkọ náà ì bá kú tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé ó fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ rí, torí láti bí 1300 lọ, orúkọ bíi márùn-ún péré, John, William, Thomas, Richard, Robert, ló ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkùnrin ilẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ké John lọ́jà, ìdajì ọjà lè yíjú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsìn yí padà, àwọn Puritan, àwọn Kristẹni tó fẹ́ fọ ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì mọ́, gbé Bíbélì dání wọ́n ń wá orúkọ sínú ẹ̀. Loveday tó jẹ́ tọkùnrin pòórá. Ibòmíràn tó kù sí ni orúkọ ìdílé, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí òyìnbó tó ń jẹ́ Lágbájá Loveday, bíi Alan Loveday, ará New Zealand tó ń ta fáólìn, tó kú ní 2016. Baba ńlá kan ló jẹ́ ẹ lórúkọ àbísọ, àwọn ọmọ sọ ọ́ di orúkọ bàbá.

Cornwall nìkan ni kò jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀ gígùn tó yọ sínú òkun ni Cornwall, odò Tamar sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e kúrò lára Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kù. Wọ́n ní èdè tiwọn tó jọ ti àwọn ará Wales àti Brittany, Dolly Pentreath tí wọ́n máa ń pè ní ẹni ìkẹyìn tó fi èdè náà dàgbà kú ní 1777. Àṣà tó bá débẹ̀ kì í tètè jáde. Orúkọ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti gbàgbé ṣì ń lọ ní tiwọn: Pascoe, Digory, Tamsin, Jenifer. Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Loveday kì í ṣe ọ̀rọ̀ Cornish rárá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ni, àwọn onílé sọ ọ́ nù, aládùúgbò ló bá wọn tọ́jú ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin òrìṣà ní Bahia, ní Brazil, tí àwọn tó ń kọ ọ́ ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá kedere tí wọn ò sì lè fi Yorùbá bèèrè omi, á mọ ohun tí mò ń wí.

Láti 1538 tí Thomas Cromwell ti pàṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé, Loveday ń jáde nínú rẹ́jísítà Cornwall, obìnrin ni wọ́n. Àwọn àlùfáà kan tiẹ̀ kọ ọ́ sí Lowdy. Ẹ fẹnu pè é wò. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá abúlé ni wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn, èyí sì sọ fún wa pé ẹni tó ń pè é ò ronú sí love tàbí day mọ́, orúkọ màmá àgbà ẹ̀ ló ń pè. Ọ̀nà tó gbà wà láàyè nìyẹn. Màmá àgbà ń jẹ́ ẹ, wọ́n fi sọ ọmọ-ọmọ, ìyá ìrìbọmi ń jẹ́ ẹ, wọ́n fi dá a lọ́lá. Àwa ń sọ pé orúkọ gbọ́dọ̀ nítumọ̀, àmọ́ orúkọ yìí pàdánù ìtumọ̀ ẹ̀ kò sì kú, torí ẹnì kan ṣáà ti jẹ́ ẹ tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ màmá tó gbé mi dédìí ọ̀rọ̀ yìí. Loveday Hambly, ilé ẹ̀ ń jẹ́ Tregangeeves, lẹ́bàá St Austell. Ní 1656 wọ́n ti George Fox, olùdásílẹ̀ àwọn Quaker, mọ́lé ní Launceston, ẹ̀wọ̀n tó rùn gan-an. Màmá yìí lọ wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n Quaker, ó sì di ọ̀kan lára wọn. Látìgbà yẹn ilé ẹ̀ di ilé àlejò wọn, ẹni tó bá ń wàásù kọjá ní Cornwall, ibẹ̀ ló ń sùn, Fox náà dé ibẹ̀. Àwọn Quaker kì í san ìdámẹ́wàá fún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, òun náà ní òun ò san, wọ́n bá kó o lẹ́rù, wọ́n kó o ní ẹran, wọ́n tì í mọ́lé, opó tó ti dàgbà. Ó jáde, kò tún san. Àwọn Quaker ò gbà pé kéèyàn gbé ìjà, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé kí ará méjì yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn dípò kóòtù. Ǹjẹ́ màmá yìí mọ̀ pé ohun tí orúkọ òun túmọ̀ sí nígbà kan nìyẹn gẹ́lẹ́?

Nínú àwọn orúkọ tí Cornwall fi pamọ́, àwọn kan ti jáde síta. Jenifer, tó jẹ́ Guinevere aya Ọba Arthur lẹ́nu tiwọn, jáde ní ọ̀rúndún ogún, ó fi n kan kún ara ẹ̀, ó gba gbogbo ayé (Jennifer mélòó ló wà nínú ẹbí yín?). Tamsin náà rìn díẹ̀. Loveday ò rìn. Mo rò pé ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé ó hàn gbangba jù, ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Manchester á rò pé àwọn òbí ẹ̀ ń mu igbó ní 1968 ni, kò ní mọ̀ pé orúkọ náà ti pé ẹgbẹ̀rin ọdún.

Ti Port Harcourt wá ńkọ́? Mi ò gbà pé ará Cornwall kan ló gbé e wá fún wọn. Lójú mi, àwọn fúnra wọn ló mọ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ní Goodluck, Promise, Blessing, Comfort, tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó dùn lẹ́nu tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Orúkọ méjì ni, sípẹ́lì kan. Àmọ́ ẹ wò ó: láyé àtijọ́, takọ-tabo ló ń jẹ́ Loveday, Cornwall mú tobìnrin, tọkùnrin kú fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ó wá jẹ́ ẹ̀bá odò Bonny ló ti jí dìde lára àwọn ọkùnrin, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Bí akọ̀wé kóòtù ayé Ọba Henry bá jí lónìí tó gbọ́ pé ọkùnrin kan ń jẹ́ Loveday ní Diobu, kò ní yà á lẹ́nu, kàlámù ló máa wá.

Ilé iṣẹ́ ìṣirò England àti Wales máa ń gbé orúkọ àwọn ọmọ tuntun jáde lọ́dọọdún. Orúkọ tí ọmọ tó ń jẹ́ ẹ lọ́dún náà ò bá pé mẹ́ta, wọn kì í fi í síbẹ̀, kí wọ́n má baà dá ọmọ ọlọ́mọ mọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n lè sọ ọmọbìnrin kan ní Loveday lọ́dún yìí lẹ́yìn St Austell, nítorí màmá àgbà ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí á wo gbogbo lísìtì náà láti A dé Z, kí á má sì rí i.